Òṣùwọ̀n mi ti dúró sójú kan láti oṣù keje: kí lẹ ń dì mú tí kì í fi í sú yín?

Aríkẹ́ Gbági · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni mo kọ́kọ́ máa lanu.

Oṣù kìíní ọdún yìí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín ara kù, lẹ́yìn tí dókítà sọ fún mi pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kílò 118 ni mo wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n. Ọmọ ọdún 43 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, iṣẹ́ ìjókòó sì ni. Bí oníbàárà kò bá ti ní òun fẹ́ rí aṣọ tó wà lókè pátápátá, n kì í dìde títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mo fi mínírà àti mọ́ọ̀tì sílẹ̀, mo gé òkèlè mi sí ààbọ̀, mo sì ń rìn ní ìdájí kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí oṣù kẹfà fi máa parí, mo ti di 103. Inú bálùwẹ̀ ni mo ti jó lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọṣẹ lára.

Láti ìgbà yẹn, 103 náà ni. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko. 103.4, 102.8, 103.1, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Kò sí ohun tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí mo ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ní Sátidé, àbúrò ọkọ mi sọmọ lórúkọ. Mo jẹ ìrẹsì, mo jẹ iyán lé e, mo sì mu mọ́ọ̀tì méjì, torí ó ti sú mi. Àárọ̀ òní mo gun òṣùwọ̀n: 105.2. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹnu àwọn èèyàn tún wá ń dá kún un. Ìyá ọkọ mi bi mí lójú àlejò pé ṣé ọmọ àwọn kò fún mi lówó oúnjẹ mọ́ ni. Oníbàárà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìyá aláṣọ, ẹ má fi pamọ́ fún mi, kí ló ń ṣe yín?" Nígbà tí mo sanra, wọ́n ní ọ̀rọ̀bọ̀ ni mí. Mo rù, wọ́n ní àìsàn ni.

N kò wá oògùn o. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu ẹ̀ ju ọdún kan lọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀: kí lẹ ń dì mú?

Ẹsẹ̀ Ò Gbélé · 9:31 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Aríkẹ́. Kílò 15! Gbogbo gáàsì tí wọ́n ń rọ sínú sílíńdà 12.5 títí tó fi kún dẹ́nu kò tó ohun tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lára. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹ bá tún jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo · 10:02 alẹ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú 105.2 yẹn, torí òun ló mú ẹkún wá. Kí kílò ọ̀rá kan ṣoṣo tó kún ara èèyàn, onítọ̀hún ní láti jẹ nǹkan bíi 7,700 kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) lé lórí èyí tí ara rẹ̀ ń lò. Kílò méjì lé díẹ̀ tí ẹ rí yẹn á gbà ju 15,000 lọ. Ìrẹsì, iyán àti mọ́ọ̀tì méjì kò lè dé ibẹ̀ láé, àfi tí ẹ bá jẹ tàwọn àlejò mọ́ tiyín. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ayẹyẹ ló di omi mú sí yín lára, pẹ̀lú oúnjẹ tó ṣì wà nínú ìfun. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rin. Tó bá tún bọ́ sí àsìkò nǹkan oṣù yín, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ti ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá yẹn yàtọ̀. Ara tó wúwo 103 kì í jó epo tó ara tó wúwo 118. Òpópónà kan náà lẹ ń rìn, àmọ́ ẹrù tí ẹ ń gbé rìn ti dín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ara bá ti rí i pé oúnjẹ dín kù fún ọ̀pọ̀ oṣù, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣahun: ẹ óò máa jókòó jù, ẹ ò ní mọ̀, ebi á sì máa pa yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oúnjẹ tó ń mú yín rù ní oṣù kẹta ló ń mú yín dúró sójú kan báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín: ṣé ẹ ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ínsúlínì, tàbí oògùn ìtọ́jú ọpọlọ? Àwọn kan nínú wọn máa ń múni sanra. Ṣé òtútù ń mú yín ju àwọn tó yí yín ká lọ, ṣé irun yín ń já, ṣé ìgbẹ́ ń le? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún thyroid, ẹṣẹ́ inú ọrùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Aago mélòó lẹ ń sùn?

Tó bá di ti òṣùwọ̀n, ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: ọjọ́ kan náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí omi tó kan ẹnu yín. Ẹ gbé e pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ọjọ́ mẹ́fà tó kù.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta · 10:20 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, ọ̀wọ̀ yín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ yẹn. Ohun tó fẹ́ yà mí ní wèrè nìyẹn. Sọ́ńdè ni tèmi. Tí mo bá jẹ iyọ̀ ní Sátidé, Sọ́ńdè á burú, gbogbo ọ̀sẹ̀ á sì dà bí ẹni pé mo ṣe lásán. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún lójoojúmọ́ ni ojú mi dá. Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri ilé ìdáná mi, mo ń kọ ọ́ sórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá di Sátidé, mo á ro méjèèje pọ̀, mo á pín in sí ọ̀nà méje. Ìyẹn nìkan ni mo kà sí ìwọ̀n mi. Ojú tó bá ti rí i tó gòkè tó sọ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́, 105 kan ò ní pa á lẹ́kún.

Láti 96 dé 79, ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ló gbà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dúró sójú kan nínú rẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù gba oṣù mẹ́rin.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo · 10:33 alẹ́

Ìyá Ìbejì, mo gbà. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbà á, ojoojúmọ́ dára. Mo ti rí ẹni tí nọ́ńbà òwúrọ̀ ń sọ fún bóyá á jẹun lọ́jọ́ náà tàbí kò ní jẹ. Irú wọn ni mò ń kìlọ̀ fún.

Tíì Ìyanu · 10:41 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi Aríkẹ́, ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Tíì kan wà lọ́wọ́ mi, ewé pọ́ńbélé. Kílò 5 láàárín ọjọ́ 7, kò sí ìrìn, kò sí ebi. Ẹ pè mí sórí [Alábòójútó ti yọ nọ́ńbà yìí kúrò]

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo · 10:46 alẹ́

Ẹ bá mi ka ẹ̀yìn páálí tíì yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ óò rí senna níbẹ̀, ewé tí ń mú inú ṣí. Ìgbẹ́ àti omi ló ń kó jáde, ọ̀rá kò tilẹ̀ gbọ́ pé àlejò wá. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní potassium lè wálẹ̀ débi tí ọkàn á fi máa lù ségesège. Ìfun náà sì lè gbàgbé iṣẹ́ tirẹ̀.

Alábòójútó · 10:52 alẹ́

A kì í tajà níbí. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, Tíì Ìyanu. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìta ni.

Baba Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Mo kí gbogbo ilé. Mo fẹ́ dáhùn Aríkẹ́ torí iṣẹ́ ìjókòó ni tèmi náà, bọ́ọ̀sì ni mò ń wà nílùú London.

Ọdún kẹfà rèé tí dókítà sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ti dé ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ. Kílò 121 ni mo wà. Mo ti ń retí kó ní kí n di 80, mo sì ti ń mú àwáwí lọ́wọ́. Ó ní rárá. Ó sọ fún mi nípa ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002: àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dín ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ewu àtọ̀gbẹ wọn fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Mo ṣírò tèmi nínú bọ́ọ̀sì bí mo ṣe ń lọ sílé: kílò mẹ́jọ àbọ̀. Kílò mẹ́jọ àbọ̀ péré! Aríkẹ́, ẹ ṣírò tiyín. Ìdá 7 nínú 118 kò pé kílò mẹ́jọ àti ààbọ̀, ẹ̀yin sì ti sọ 15 kalẹ̀. Ẹ ti ń sún mọ́ ìlọ́po méjì, ẹ wá ń sunkún.

Ẹ ní kí lẹ máa dì mú. Kí n má parọ́, èmi ò di nǹkan kan mú. Ọdún kìíní, iná ni mí, gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ìwàásù mi. Ìgbà òtútù ọdún kejì dé, aago mẹ́rin ọ̀sán ilẹ̀ ti ṣú, òjò tútù ń rọ̀, iná náà kú fin-ín. Oṣù márùn-ún ni mi ò rìn. Kílò mẹ́fà padà wálé. Mo ń dúró kí ìtara yẹn tún bà lé mi bíi tàkọ́kọ́, kò wá. Ìyàwó mi ló rí i pé mò ń dúró de ohun tí kò bọ̀. Ó gbé bàtà ìrìn mi kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn gan-an, tí mi ò fi lè jáde láì kọ́kọ́ gbé e kúrò lọ́nà. Ọjọ́ kẹta, ó ti rọrùn láti wọ̀ ọ́ ju láti gbé e kúrò lọ. Láti ọjọ́ náà, bàtà ló ń di èmi mú.

Sátidé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a máa ń pàdé ní Burgess Park fún parkrun. Kìlómítà márùn-ún ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá fẹ́ rìn á rìn. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbẹ̀yìn, kí ojú má bàa ti ẹni tó kù. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìsẹ́yìn kan ń dúró dè mí lábẹ́ igi. Tí mi ò bá lọ, á pè mí, á sì bú mi.

Ohun kan tí mi ò gbà: àwọn tí wọ́n ń sọ pé "tí mo bá rù kílò márùn-ún, mo á fi ìrẹsì pẹ̀lú ẹran ńlá ṣe ara mi lálejò." Oúnjẹ kan náà tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n tún fi ń san owó iṣẹ́ fún ara wọn. Ó dà bíi kí ọ̀mùtí fi ẹmu ṣayẹyẹ pé òun ti fi ẹmu sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ Ò Gbélé · 7:40 àárọ̀

Bàbá, ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́ yẹn ńkọ́? Fóònù mi ò jẹ́ n gbádùn. 6,000 ni mi ò lè kọjá.

Baba Peckham · 8:15 àárọ̀

Orí ọjà ni wọ́n ti mú 10,000 yẹn wá, àbúrò. Ní Japan ní 1965, wọ́n ń ta ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìṣísẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní manpo-kei, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni òǹkà ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Orúkọ ọjà náà ló di òfin fún gbogbo ayé. Tí ẹ bá ń rin 6,000, ẹ sọ ọ́ di 7,000, kí ẹ sì pa ariwo fóònù yẹn.

Télọ̀ Mọ́lété · 9:58 àárọ̀

N kò mọ̀ nípa kálórì, tépù ni mo mọ̀. Ọdún 19 ni mo ti ń ránṣọ fún àwọn obìnrin Ìbàdàn, ìwé ìwọ̀n mi sì mọ àṣírí tí ọkọ wọn ò mọ̀.

Oníbàárà mi kan wá ní ọdún tó kọjá, aṣọ ẹbí ló mú wá, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní òun ti ń febi pa ara òun fún oṣù méjì, òṣùwọ̀n kò mì. Mo ṣí ìwé, mo wá ojú ewé rẹ̀. Ìwọ̀n àtijọ́ rèé: àyà 47, ikùn 45, ìdí 51, apá 17. Mo fa tépù yọ lọ́rùn, mo wọ̀n ọ́n. Ikùn 42. Apá 15 àbọ̀. Ó ní mo fún tépù jù. Mo ní kó mú orí tépù kan dání fúnra rẹ̀, kó sì mí síta. 42 náà ni. Ó mú bírò lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ó wá dúró, ó ń wò ó. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó máa lọ, ó ní kí n fún búláòsì òun ní ìnṣì kan àti ààbọ̀ wọlé.

Ìyá aláṣọ, ẹ lọ bá ẹni tó ń ránṣọ fún yín. Ìwọ̀n yín ti oṣù kẹta tàbí ti Àjíǹde ti gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀. Kó wọ̀n yín ní ojú kan náà tó ti wọ̀n yín tẹ́lẹ̀, torí tépù tó bá fi ìka méjì sọ̀ kalẹ̀ lè purọ́ ìnṣì méjì. Aṣọ tó bá ti ṣo, ẹ fún un wọlé lójú ẹsẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń fi aṣọ ńlá pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí, "bóyá ọjọ́ kan." Ọjọ́ kan náà kì í pẹ́ dé.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta · 10:17 àárọ̀

Télọ̀, ẹ ń wá iṣẹ́ ni! Èmi fi búbà kan ṣoṣo pamọ́, ti ìgbà tí mo wà ní 96. Mo máa ń wọ̀ ọ́ lé aṣọ tó wà lára mi tí ìtara bá ti kú, mo á máa rìn káàkiri pálọ̀. Àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo · 10:30 àárọ̀

Tépù ikùn yẹn ṣe pàtàkì sí wa ní ilé ìwòsàn náà. Bí ikùn obìnrin bá ju ìnṣì 35 lọ, tí ti ọkùnrin bá ju 40 lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ti ń wò ó lókèèrè. Gbogbo ìnṣì tó bá kúrò níbẹ̀ lérè, ohun yòówù kí òṣùwọ̀n wí.

Ọmọ Ẹ̀gbá · 11:05 àárọ̀

Kí ẹ fi ẹ̀bà sílẹ̀ ni, kí ẹ máa jẹ àmàlà nìkan. Àmàlà kì í múni sanra.

Alákàrà Òkè-Àdó · 12:20 ọ̀sán

Àbúrò, ta ló sọ fún ọ? Gààrí, èlùbọ́, àlìkámà, wọn gíráàmù 100 nínú wọn ní gbígbẹ, nǹkan bíi 350 kálórì ni kálukú wọn ní. Àmàlà ń mu omi púpọ̀ nígbà tí a bá ń rò ó, ìdí nìyẹn tó fi ń kún àwo. Bí o bá wá rí i pé ó fúyẹ́, tí o bu kókó mẹ́ta dípò méjì, kí lo ṣe?

Èmi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni fi òkèlè sílẹ̀. Ẹ wo epo. Gíráàmù ìyẹ̀fun kan, kálórì mẹ́rin. Gíráàmù epo kan, mẹ́sàn-án. Síbí ìjẹun kan tó kún fún òróró ń lọ sí 120. Ojú ni mo fi ń da òróró látọjọ́ tí ìyá mi ti kọ́ mi lọ́bẹ̀, mo á dà á títí ọkàn mi á fi balẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní kí n fi síbí wọ̀n ọ́n, kí n kàn mọ̀. Síbí 14 nínú ìkòkò ọbẹ̀ kan tí èmi, ọkọ mi àti ọmọ méjì jẹ fún ọjọ́ méjì! Mo fi ọgbọ́n gé e sí mẹ́fà. Mo ń sun ata nínú ìkòkò títí omi rẹ̀ fi gbẹ pátá kí òróró tó wọlé, kò sì sẹ́ni tó fura nínú ilé. Ọkọ mi ní ọbẹ̀ náà ti dùn sí i.

Tí mo bá jókòó sídìí oúnjẹ, ẹ̀fọ́ ni mo kọ́kọ́ ń jẹ, ẹja tẹ̀ lé e, òkèlè ló gbẹ̀yìn. Kí n tó dé ìdí òkèlè, inú mi ti gba àlejò méjì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Houston · 4:48 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń lọ́ tìkọ̀ láti kọ èyí. Aríkẹ́ ní òun ò wá oògùn, mi ò tajà fún un. Ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún, dókítà mi fún mi ní abẹ́rẹ́ semaglutide, èyí tó ń dín ebi kù, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Láti 131 mo dé 104 láàárín oṣù mẹ́rìnlá. Gbogbo èèyàn ń kí mi, èmi náà ń fẹnu fẹ́ra bí ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà iléeṣẹ́ ìbánigbófò ní àwọn ò san án mọ́. Láàárín oṣù mẹ́wàá, kílò 17 padà. Mo dẹ́kun lílọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú torí ojú ń tì mí.

Ìgbà tí mo kà á pé nínú ìwádìí kan, àwọn tó dá abẹ́rẹ́ náà dúró rí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n rù tó padà láàárín ọdún kan, ni mo tó mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Mo ti tún bẹ̀rẹ̀ láti orí 121, mo wà ní 116. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún Aríkẹ́ ni pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tí kílò 103 kò fi di 108 yẹn, iṣẹ́ ni. Ká ní mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró sójú kan ni, mi ò ní wà níbi tí mo wà yìí.

Ọmọ Ẹ̀gbá · 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni abẹ́rẹ́. Ohun tí a kò ṣiṣẹ́ fún kì í pẹ́ lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Òṣogbo · 5:19 ìrọ̀lẹ́

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó bá dá oògùn rẹ̀ dúró, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tún ru. Ṣé ọ̀nà ẹ̀bùrú lẹ óò pè é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ lé èèyàn sá níbí. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ padà sí ìpàdé yín.

Dérónkẹ́ Yaba · 8:30 alẹ́

Ẹ̀yin màmá àti bàbá mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ níbi iṣẹ́, gbogbo wọn di ọlọ́pàá. Tí mo bá mú bisikíìtì ẹyọ kan, "Dérónkẹ́, ṣé o ti jáwọ́ ni?" Tí mi ò bá mú, "Jẹ nǹkan jàre, o fẹ́ kú?" Ìgbà tí mo pa ẹnu mi mọ́ ni mo tó rímú mí.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta · 8:44 alẹ́

Ìyẹn ṣeé ṣe fún ẹni tó ń dá gbé, ọmọ mi. Aríkẹ́ wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ. Tí kò bá sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ á fúnra rẹ̀ wá ìdáhùn, ìdáhùn náà á sì dé etí gbogbo ẹbí. Aríkẹ́, àwọn àlejò ni kí ẹ fi "ara mi le, mo dúpẹ́" dá lóhùn. Ní ti màmá, ẹ kúnlẹ̀ tì wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, ẹ sọ ohun tí dókítà sọ. Ìyá tó bá gbọ́ "ẹ̀jẹ̀ ríru" kì í pe rírù ní ìyà mọ́.

Alhaja Àgbà · Ọjọ́rú, 5:50 àárọ̀

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Mo ti pé ẹni ọdún 68, ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Kílò mẹ́sàn-án péré ni mo dín ní ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ tí ẹ ń sọ 17, 27 wọ̀nyí, ẹ óò fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, orí àga ni mo ti ń kírun. Orúnkún méjèèjì ti kọ̀, tí mo bá fi lè dé ilẹ̀, èèyàn méjì ló máa gbé mi dìde. Ọdún kẹrin rèé tí iwájú orí mi ti kan ẹní gbẹ̀yìn nígbà yẹn. Mi ò bá òṣùwọ̀n dá àdéhùn kankan. Mo ní kí n ṣáà tún lè fi orí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run mi kí n tó kú.

Mo ń rìn yí ilé ká lẹ́yìn àsùbáà. Lóṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀kan. Lópin ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Mo ń dìde lórí àga láì fọwọ́ ti nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀márùn-ún láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lálẹ́. Nínú ààwẹ̀ ọdún kejì, mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún ké, iwájú orí mi kan ẹní. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ mi rò pé mo ti dákú.

Aríkẹ́, kí ni ara tó sanra yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ tí o fẹ́ gbà padà? Má sọ kílò fún mi.

Aríkẹ́ Gbági · Ọjọ́bọ̀, 9:40 alẹ́

Ẹ ṣé, ẹ kú ìnáwó ọ̀rọ̀. Mo ti kà á ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Mo ka ti Alhaja fún ọkọ mi, kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àárọ̀ yìí, òṣùwọ̀n ní 103.3. Nọ́ọ̀sì, omi ni lóòótọ́. Mo ń gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, ó ti tó ọdún méjì, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó kàn án. Mo ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò ní dá a dúró fúnra mi.

Mo lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mi lánàá. Ìwé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya tán. Oṣù kẹta: ikùn 46. Oṣù keje, ìgbà tó rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ mi: 43. Lánàá: 41 àbọ̀. Ìnṣì kan àti ààbọ̀ ti lọ nínú ọ̀sẹ̀ tí mo rò pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀! Èmi náà gba bírò.

Àmọ́ kí n jẹ́wọ́. Mo sọ pé kò sí ohun tó yí padà, irọ́ ni. Láti oṣù keje tí ọjà ti ń yá, mo ń ṣírò owó lálẹ́, ìgò ẹ̀pà kan á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo á da díẹ̀ sọ́wọ́, mo á ka owó, mo á tún dà á. Ìgò kan kì í pé ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò kà á sí oúnjẹ rí, torí mi ò jókòó sídìí tábìlì jẹ ẹ́.

Alhaja, ìdáhùn yín: mo fẹ́ gun àkàbà ṣọ́ọ̀bù mi gbé aṣọ òkè fúnra mi, láì pe ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún mẹ́rin rèé tí mi ò ti gùn ún. Àná mo gun ìṣísẹ̀ mẹ́ta nínú mẹ́fà.

Mo ti kúnlẹ̀ ti màmá náà. Wọ́n kọ́kọ́ bínú pé mi ò tètè sọ. Wọ́n wá ní àwọn náà ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn ò fẹ́ kí n mọ̀.

Ẹsẹ̀ Ò Gbélé · 9:52 alẹ́

Ìgò ẹ̀pà náà dà báyìí?

Aríkẹ́ Gbági · 9:55 alẹ́

Ọmọ mi ti gbé e lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó ní ṣé kò sí òmíràn.